Igun Yàrá Tí Mo Sọ Di Ìsọ̀ Awọ

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá nígbà tí mo gbọ́ tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Bẹ́líìtì kan ló wà níwájú mi lórí tábìlì tí a fi ń jẹun. Mò ń fi òòlù lu irin eléyín mẹ́rin sára rẹ̀: ihò mẹ́rin, màá sún un, ihò mẹ́rin mìíràn. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, ìyá tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa ni. Ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó gbé abọ́ ọbẹ̀ lọ́wọ́.

"Ìyàwó, ẹ káalẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń gún lálaalẹ́ báyìí? Ẹ wo inú ọbẹ̀ mi."

Mo wò ó. Èérún símẹ́ńtì funfun ló léfòó lórí epo, àjà wọn ló ti já bọ́. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Mi ò mọ̀ pé ó ń dé ọ̀dọ̀ yín." Wọ́n ní kò burú, àmọ́ oṣù kan gbáko nìyí tí ọmọ àwọn ti ń ta jí ní gbogbo ìgbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀.

Oṣù kan gbáko! Odindi oṣù yẹn ni mo fi ń ro ibi tí ọ̀bẹ máa wà àti ibi tí òwú máa wà. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé ilẹ̀ tí mo tẹ̀ yẹn, àjà ilé ẹlòmíì ni. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti tún ìsọ̀ mi tò láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí mo sì máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ awọ nínú ilé kékeré nìyí: wá ibi tí ariwo máa gbà àti ibi tí òórùn máa gbà ná, kó o tó wá ibi tí irinṣẹ́ máa wà.

Ọ̀yọ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì yanṣẹ́ lódì ní ọdún 2022, tí gbogbo wa wà nílé fún oṣù mẹ́jọ, mo lọ bá ìyá mi àgbà níbẹ̀. Bàbá kan wà ládùúgbò wọn tó ń ṣiṣẹ́ awọ. Iṣẹ́ ìdílé wọn ni: tìmùtìmù, abẹ̀bẹ̀ awọ, àti làbà, ìyẹn àpò tí àwọn onísàngó máa ń gbé kọ́ èjìká. Bàbá a máa jókòó sórí ẹní, pátákó pẹlẹbẹ kan níwájú wọn, ọ̀bẹ mẹ́ta lápá ọ̀tún, irin ṣóńṣó tí wọ́n fi ń lu awọ, òkúta ìpọ́nbẹ, àti igbá omi kékeré. Wọn kì í dìde nítorí ohun kankan. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á ká ẹní, gbogbo ìsọ̀ á sì wọnú àpótí kan.

Ojú mi rí èyí fún oṣù mẹ́jọ, mi ò sì kà á sí. Nígbà tí mo ṣègbéyàwó, tí a gba yàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìbàdàn, inú fóònù ni mo ti lọ wo bí ìsọ̀ ṣe yẹ kó rí. Mo rí ti àwọn òyìnbó: tábìlì tó gùn bíi bẹ́ẹ̀dì, ògiri tó kún fún irin oríṣiríṣi. Mo ra àpò irinṣẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lé ní ogójì irin tó wà nínú ẹ̀. Títí di òní, méje péré ni mò ń lò: ọ̀bẹ, rúlà onírin, irin ṣóńṣó, irin eléyín méjì àti eléyín mẹ́rin, abẹ́rẹ́, àti irin tí mo fi ń dá etí awọ lójú. Ìyókù wà nínú garawa. Owó yẹn ì bá ra awọ tó dáa.

Ó yá, ká bọ̀ sórí ariwo, nítorí òun ló le jù.

Mo kọ́kọ́ rò pé tábìlì ló ń fa á, ni mo bá gbé iṣẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó tún burú sí i. Mo gbé táìlì kan sábẹ́ awọ, ó fọ́ sí mẹ́ta ní ọjọ́ kejì. Màmá mi ló fún mi ní ohun tó yanjú ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ìyẹn ni wọ́n ní lọ́kàn. Odó kan wà lẹ́yìnkùlé wọn tí ẹnu rẹ̀ ti sán, tí a ò lè fi gúnyán mọ́. Wọ́n ní kí n gbé e lọ fi dáná. Mo gbé e délé, mo dojú rẹ̀ dé.

Ẹ wo ìdí odó dáadáa. Òòró igi ni agbẹ́gilére gbé dúró kó tó gbẹ́ odó, nítorí náà ojú ibi tí wọ́n ti rẹ́ igi náà ni ìdí rẹ̀, gbogbo iṣan igi ló kọjú sókè níbẹ̀. Bí irin eléyín bá la awọ kọjá, àárín iṣan ló ń wọ̀, kì í há mọ́ igi, ẹnu rẹ̀ kì í sì í tètè kú. Orí pátákó lásán, bí a bá lù ú, irin á há, a ó máa fi ọwọ́ méjèèjì fà á yọ. Odó sì wúwo. Nígbà tí ohun tó wà lábẹ́ awọ bá wúwo, ìlù kan ṣoṣo tó fún ohun tó ń gba ìlù mẹ́ta lórí tábìlì. Àjákù awọ tó nípọn kan ni mo máa ń tẹ́ sórí rẹ̀ kí igi náà má baà tètè jẹ. Màmá mi ní kí n má ṣe jókòó lórí odó o, ọmọ kò sì gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀. A ò jókòó síbẹ̀.

Àmọ́ ibo ni kí n gbé e sí? Mo lọ bẹ ìyá ìsàlẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n wọ yàrá àwọn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo dúró sáàárín yàrá wọn, baálé mi wà lókè, ó ń fi òòlù lu odó. Àárín yàrá ló kọ́kọ́ gbé e sí. Ó ń dún bí ìlù, gílóòbù wọn ń mì. Mo pariwo pé kó sún mọ́ ògiri. Ó dínkù, kò tó. Ó wá gbé e sí igun tí òpó ilé wà, níbi tí dẹ́kìn ti jókòó lé òpó. Ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀ dà bí ìgbà tí ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn ilé kejì. Lọ́jọ́ kejì mo lọ sọ́dọ̀ fọ́gánáísà, mo gba táyà ògbólógbòó, mo gé ègé méjì, mo tò wọ́n léra lábẹ́ odó. Nígbà tí a tún dán an wò, ìyá ìsàlẹ̀ ní, "Ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀ ni?" Ó ti lu tó ogún.

A fi àdéhùn kan tì í: aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí aago mẹ́fà àbọ̀ nìkan ni mo lè lu nǹkan. Lẹ́yìn ìyẹn, ìránṣọ ló kù.

Àdéhùn yìí ló dá mi padà sí ohun tí Bàbá kọ́ mi. Ní Ọ̀yọ́, mi ò rí i kí wọ́n lu ihò sílẹ̀ lódindi kí wọ́n tó máa rán an. Wọ́n á fi ọ̀bẹ fa ilà, wọ́n á fi irin ṣóńṣó lu ihò kan, wọ́n á ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, wọ́n á tún lu èyí tó tẹ̀ lé e. Kò sí ariwo kankan. Ohun tí èmi ń ṣe báyìí ni pé mò ń fi irin eléyín tẹ awọ lásán láti fi sàmì sí i, kí àlàfo ihò lè dọ́gba, bíi mílímítà mẹ́rin sí ara wọn. Tó bá di alẹ́, irin ṣóńṣó á parí ìyókù. Ó ń falẹ̀ ju òòlù lọ. Ṣùgbọ́n ìlà rẹ̀ máa ń tọ́, mo sì ń ṣe é nígbà tí ọmọ sùn sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí mi.

Fún ìránṣọ, mo ní kí káfíńtà bá mi ṣe ẹ̀mú onígi: pákó méjì tó ga dé àyà bí mo bá jókòó, tó fẹnu kora lókè, tí bóòtù kan fún wọn pọ̀ láàárín. Itan ni mo fi ń há a. Awọ á dúró sẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì á sì ráyè. Bí mo bá ṣe tán, mo kàn gbé e ti ògiri ni, kò gba ààyè ju ìgbálẹ̀ lọ. Bí ẹ bá máa ṣe ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí, ẹ ṣe ẹ̀mú yìí.

Òwú kan, abẹ́rẹ́ méjì, ọ̀kan ní orí kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń gé òwú ní ìlọ́po mẹ́rin ibi tí mo fẹ́ rán. Abẹ́rẹ́ ọ̀tún á gba ihò kọjá sósì, tòsì á gba ihò kan náà kọjá sọ́tùn-ún, lẹ́yìn náà màá fa méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà títí òwú á fi wọ inú awọ díẹ̀. Nínú ihò kọ̀ọ̀kan, òwú méjì ló pàdé. Bí ọ̀kan bá já lọ́la, èkejì ṣì dì í mú. Ìránṣọ ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀: òwú òkè àti òwú ìsàlẹ̀ kàn fi ara kọ́ ara ni, bí ọ̀kan bá já, ìyókù lè tú tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí okùn àpò tí mo fọwọ́ rán fi ń pẹ́.

Ìda ni a fi ń fa òwú kó lè máa yọ̀ gba inú ihò, kí omi má sì tètè bà á jẹ́. Àbẹ́là ni mo kọ́kọ́ lò nítorí pé ó wà nílé. Kò dáa. Bí ó bá ti gbẹ, á máa ya bí èèpá, á sì máa dà sórí itan mi. Ìda oyin gidi ni mo wá rà lọ́wọ́ àwọn olóyin tó ń ti Òkè-Ògùn wá. Ègé kan tó tó ọṣẹ ìfọṣọ, ó ti lé ní ọdún kan, kò tíì tán.

Iná: ẹ gbé e sápá òsì bí ọwọ́ ọ̀tún lẹ bá ń lò, kó sì wà nísàlẹ̀, kó má ṣe tàn láti òkè. Nígbà tí iná bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, ihò kọ̀ọ̀kan á ní òjìji tirẹ̀, ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a. Láńtánì oníbátìrì kékeré ni tèmi, torí a ò lè fọkàn tán iná ìjọba.

Gọ́ọ̀mù ni mo fẹ́ kí ẹni tó ní ọmọ nílé kà dáadáa.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, òjò ń rọ̀, mo ti gbogbo fèrèsé. Mò ń lẹ aṣọ inú àpò mọ́ awọ, mo ṣí agolo gọ́ọ̀mù sílẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí méjì. Èmi ò gbọ́ òórùn ẹ̀ mọ́, imú mi ti mọ́ ọn lára. Baálé mi ló wọlé láti ìta, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ní, "Kí lẹ̀ ń mí sínú yìí?" Orí ti ń fọ́ mi, mo rò pé àìjẹun ni. Mo yíjú wo ọmọ wa, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń fi ọwọ́ nù ún. A gbé e jáde sínú afẹ́fẹ́, ara rẹ̀ sì balẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Lẹ́yìn tí ó sùn ni mo tó jókòó ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo náà. Tólúìnì wà nínú rẹ̀, òun ló ń fẹ́ lọ nígbà tí gọ́ọ̀mù bá ń gbẹ. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń gbà rìn, ó sì ń gbaná. Ọmọ tó ń rákò, ilẹ̀ yẹn náà ló wà. Gáàsì tí a fi ń se oúnjẹ kò sì ju ìgbésẹ̀ mẹ́rin lọ sí ibi tí mo jókòó.

Láti ọjọ́ yẹn, gọ́ọ̀mù kò wọ inú yàrá wa mọ́. Bàkónì ni mo ti ń lò ó, nígbà tí ọmọ bá wà níléèwé jẹ́lé-ó-sinmi, tí kò sì sí iná lórí gáàsì. Mo máa ń da ìwọ̀nba sínú ìgò kékeré tó ní ìdérí, agolo ńlá á sì wà ní dídé pa. Mo máa ń fi pákó pẹlẹbẹ ra á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ojú méjèèjì, màá dúró bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, kí n tó pa wọ́n pọ̀. Gọ́ọ̀mù tútù kì í dì mọ́ra dáadáa, ńṣe ló kàn ń yọ̀. Mo sì ti rí i pé ìdajì ibi tí mo ń fi gọ́ọ̀mù sí tẹ́lẹ̀ ni kò nílò rẹ̀. Pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń sáṣọ lè di etí awọ méjì mú títí màá fi rán an dé òpin.

Ọ̀bẹ àti irin ṣóńṣó wà lára pátákó tí mo kàn mọ́ ògiri, ó ga ju ibi tí ọmọ lè nawọ́ dé bó bá gun àga. Abẹ́rẹ́ ńkọ́? Mo máa ń kà wọ́n. Bí méjì bá jáde, méjì gbọ́dọ̀ padà sínú ìgò kí n tó dìde, kódà bí ẹnì kan bá ń pè mí.

Awọ fúnra rẹ̀ ló gba ààyè jù, mo sì ṣi í ṣe. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dé Mushin láti ra awọ, mo ra ìlàjì awọ màlúù kan, bí ogún ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin. Ẹ mọ̀ pé púpọ̀ nínú awọ màlúù tiwa, inú ọbẹ̀ ló ń lọ gẹ́gẹ́ bíi pọ̀nmọ́, nítorí náà èyí tó bá bọ́ sọ́wọ́ oníṣẹ́ kì í pọ̀, inú mi sì dùn pé mo rí i. Kò sí ibi tí mo lè tẹ́ ẹ sí. Mo ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́rin, mo dì í sínú ọ̀rá, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Oṣù Kẹfà ni. Nígbà tó máa fi di ìparí oṣù Keje, òórùn kan ti gba yàrá. Mo fà á jáde, ó ti bu, funfun bí ẹni da ẹfun lé e lórí. Mo gbé e síta, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọ̀n ọ́n, mo fi aṣọ tí mo rì sínú omi àti fínígà nù ún, mo sá a síbi tí atẹ́gùn wà tí oòrùn kò ti pa á tààrà. Ebu náà kúrò. Ojú ibi tí mo ti ṣẹ́ ẹ kò kúrò títí láé. Ìkọ́ kọ́kọ́rọ́ ni mo fi púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣe.

Awọ ewúrẹ́ Kánò ni mò ń rà ní báyìí, èyí tí wọ́n rẹ sínú omi èso bàgàrúwà, igi tí àwọn ìyá alágbo wa mọ̀ sí bóòní. Odindi kan kì í sábà ju ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 4 sí 6 lọ, ó fẹ́lẹ́, ó lágbára, ó sì bá ilé wa mu. Awọ ewúrẹ́ pupa láti Kánò àti Sókótó ni àwọn oníràkúnmí ń kó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láyé àtijọ́, tó ń dé Yúróòpù lórúkọ awọ Mòrókò, nítorí ibẹ̀ ni àwọn òyìnbó ti ń rà á. Ó máa ń wù mí láti rántí èyí bí mo bá ń tú u ká. Mo tọrọ páálí róbótó gígùn tí àwọn aláṣọ ní Gbági fi ń ká aṣọ, orí rẹ̀ ni mo ń ká awọ lé, ojú dáadáa síta, kí ó má baà hunjọ. Ìró àtijọ́ ni mo fi ń bò ó kí afẹ́fẹ́ lè máa wọ̀ ọ́, orí ìkọ́ méjì lókè ilẹ̀kùn ni ó wà. Kò gba ààyè kankan lára wa.

Ní oṣù Kẹta a kó lọ sí ilé mìíràn ní Àkóbọ̀. Ìsọ̀ mi jẹ́ àpótí kan, páálí awọ méjì, ẹ̀mú, pátákó ògiri, àti odó. Ẹni tó bá wa kó ẹrù bi mí pé ṣé mo máa gúnyán tà ni.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà ni a tún wà. Kí baálé mi tó to bẹ́ẹ̀dì tán, mo ti ń fi ìdí òòlù gbá ilẹ̀ kiri láti mọ ibi tí òpó wà. Lẹ́yìn náà mo pọn ọmọ, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ kí àwọn ará ìsàlẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ló ṣílẹ̀kùn, oorun ṣì wà lójú wọn. Mo kúnlẹ̀, mo sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ sọ aago tí wọ́n máa ń sinmi fún mi.

"Iṣẹ́ ọdẹ ni mò ń ṣe, ọmọ mi," wọ́n ní. "Ọ̀sán ni mo máa ń sùn. Aago mẹ́fà àbọ̀ ni mo máa ń jáde."

Mo gòkè padà, mo fi gègé kọ ọ́ sára pátákó, lókè irin eléyín: lílù, aago méje sí mẹ́jọ alẹ́, kí ọmọ tó sùn.